Nígbà Tí Ọwọ́ Bá Tutù

Ọ̀rọ̀ wa lóṣù yìí dá lórí 1 Kọ́ríńtì 12:26, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti kọ́ wa pé ìyà ẹ̀yà ara kan, ìyà gbogbo ara ni. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ka ẹsẹ yìí sétígbọ̀ọ́ ìjọ, ṣùgbọ́n kíláàsì Anatomy and Physiology ni ó là á yé wa.

Ẹ̀kọ́ yìí ni ẹnu ọ̀nà tí ẹni tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì máa ń gbà wọlé. Sáà méjì ni, pẹ̀lú iṣẹ́ láàbù. Eegun 206 ń bẹ níbẹ̀, ká má tíì sọ ti iṣan. Tíṣà wa kò fi àkọ́sórí bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí kálukú di ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀ mú, ó wá bi wá pé: bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára ènìyàn, kí ni ó kọ́kọ́ ń tutù? A ní ọkàn ni. Ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tó nǹkan bíi lítà márùn-ún. Bí ìdá kan nínú márùn-ún bá dànù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ṣì lè dà bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ìdí ni pé awọ ara ti yọ̀ǹda ìpín tirẹ̀: àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti fún, ìfun ń gba díẹ̀, kíndìnrín ń ṣọ́ omi lò, kí ọpọlọ àti ọkàn má baà ṣaláìní. Ẹni tó ń wo ẹ̀rọ nìkan lè ní ara le. Ẹni tó di ọwọ́ aláìsàn mú ni yóò mọ̀. Bí a kò bá sì dí ojú ọgbẹ́ náà, kí a fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, kíndìnrín tó fi tirẹ̀ sílẹ̀ yóò kú.

Arábìnrin wa kan (òun ló ní ká kọ ọ́, láìdárúkọ) ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bó bá dé láàárọ̀, ó di ọmọ mẹ́ta àti ilé ìwé, lẹ́yìn náà kíláàsì. Owó ilé kò sì gbọdọ̀ dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ yìí. Àwa ń pè é ní obìnrin alágbára, à ń bi í ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi pé ìgbà wo la ó jẹ ìrẹsì àṣeyege. Nígbà tó yá, kò wá mọ́. A bẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ojú ń tì mí.”

Àwa tí a jẹ́ nọ́ọ̀sì ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a kò mọ̀ pé ọwọ́ náà ti tutù.

Àwọn kan ní kó gbààwẹ̀ sí i. A kò kẹ́gàn ààwẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò sùn, kí ni yóò rántí nínú ìdánwò?

Bowie State University tó wà nítòsí wa níbí, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni kíláàsì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Baltimore, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1865, nígbà tí òmìnira àwọn ẹrú Maryland kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Àwa náà ní gbọ̀ngàn, Sátidé ni ó sì máa ń ṣófo.

Láti Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá sí méjì, àwọn ìyá ìjọ yóò máa tọ́jú ọmọ, àwa nọ́ọ̀sì yóò sì jókòó ti àwọn tó ń kàwé. Ẹni tó ní ìwé àtijọ́, kó gbé e wá. Arábìnrin wa ti ní òun ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi í nígbà tí yóò jáde.