Apá Tó Ń Gbọ̀n Náà Lè Fúnni

Bíbélì Kíkà: Mátíù 26:36-46

Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ló lè dìde láàárín òru láti gbàdúrà fún aláìsàn tí wọn kò mọ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún aláìsàn kan náà, ọ̀rọ̀ á di àwáwí. Kì í ṣe pé wọn kò ní ìfẹ́. Abẹ́rẹ́ ni. Bí wọ́n bá ti rí i, àyà wọn á já, òógùn á bò wọ́n. Bóyá ìwọ náà wà lára wọn. Ìbéèrè wa ní òwúrọ̀ yìí nìyí: ǹjẹ́ ó di dandan kí ẹ̀rù kọ́kọ́ kúrò lára ènìyàn kí ó tó lè ṣe ohun tí ìfẹ́ béèrè?

Ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ James Harrison. Ní ọdún 1951, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 14, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá fún un ní àyà. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kò mọ̀ rí ni wọ́n fà sí i lára tí ó fi yè. Ó pinnu pé bí òun bá ti pé ọmọ ọdún 18, òun náà yóò máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ìṣòro kan ló wà: ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà á. Síbẹ̀ ó lọ ní ọdún 1954, ó sì tún padà lọ. Nígbà tó yá, àwọn dókítà rí i pé ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí a lè fi ṣe oògùn fún àwọn aboyún tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò bá ti ọmọ inú wọn mu, kí ara ìyá má baà máa bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ jà. Nígbà tó fi máa dáwọ́ dúró ní ọdún 2018, ó ti fi ẹ̀jẹ̀ àti omi inú ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ìgbà 1,173. Àjọ tó ń gba ẹ̀jẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà ṣírò rẹ̀ pé ó ran ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù méjì lọ́wọ́. Ó kú ní oṣù Kejì ọdún 2025, ní ẹni ọdún 88.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí: nínú gbogbo ìgbà wọ̀nyẹn, kò wo abẹ́rẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bó ṣe ń wọ apá rẹ̀. Yóò gbójú sókè wo àjà, tàbí kó máa bá àwọn nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Ká ní ó ní òun yóò dúró dìgbà tí ẹ̀rù bá tán, ta ni ì bá gba àwọn ọmọ wọ̀nyẹn là?

Olùfẹ́, ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nínú ọgbà Gẹtisémánì, Olúwa wa bẹ Bàbá pé bí ó bá ṣeé ṣe kí ife náà ré òun kọjá. A kò fi ife tìrẹ wé tirẹ̀ o. Ṣùgbọ́n kíyè sí i pé ìbànújẹ́ wà lọ́kàn rẹ̀, síbẹ̀ ó dìde, ó sì lọ. Òótọ́ ni pé Àpọ́sítélì Jòhánù kọ̀wé nípa bí ìfẹ́ ṣe ń ṣẹ́gun ẹ̀rù, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìdájọ́ ni ó ń sọ níbẹ̀, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ìgbàgbọ́ rẹ kò tó nítorí pé apá rẹ ń gbọ̀n.

Ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún ni ẹ̀rù tó wọ aṣọ ìgbàgbọ́. Ó lè sọ pé, “Àdúrà tó.” Ó sì lè sọ pé, “Ta ló mọ ohun tí wọ́n máa fi ẹ̀jẹ̀ mi ṣe?” Ìbéèrè tó dára ni èyí, lọ sí ilé ìwòsàn tó ní báǹkì ẹ̀jẹ̀, kí o sì bi wọ́n. Wọn yóò sọ fún ọ pé wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún HIV àti àwọn àrùn mìíràn, pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ amóhuntutù, àti pé obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ọmọdé tí ibà ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ, tàbí ẹni tí ọkọ̀ kọlù ni wọ́n ń fún. Bí o bá ti gbọ́ èsì, tí àwáwí mìíràn tún jáde, mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ló ń sọ̀rọ̀.

A máa ń pa á lówe pé igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò ní àyè láti wò ó lókèèrè. Kò sí ilé iṣẹ́ tó ń rọ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ara ènìyàn nìkan ló ti ń wá. Àfi kó ti wà nílẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Àwọn ẹbí ni wọ́n sábà máa ń ní kó lọ wá ẹ̀jẹ̀. Ta ni yóò sáré fún ẹni tí kò ní ẹbí nítòsí? Ará Samáríà inú òwe Olúwa kò bèèrè ìdílé ẹni tó ṣubú lójú ọ̀nà.

Ohun tí wọ́n ń gbà kò ju nǹkan bí 450 mílílítà lọ, nínú nǹkan bíi lítà márùn-ún tó wà lára àgbàlagbà. Kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ara yóò sì dá a padà. Jẹun, mu omi dáadáa kí o tó lọ. Sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Kì í ṣe ìtìjú. Dùbúlẹ̀, yí ojú sẹ́yìn, má sì yára dìde. Bí dókítà bá ní ara rẹ kò gbà á, má ṣe dá ara rẹ lẹ́bi. Ọlọ́run rí ọkàn tí o mú wá.

Ìgbésẹ̀ fún òní: Yan ọjọ́ kan nínú oṣù yìí, kí o sì wá ẹnì kan tí yóò bá ọ lọ.

Àdúrà: Bàbá, èmi kò sọ pé ẹ̀rù kò bà mí. Di ọwọ́ mi mú, kí ẹlòmíràn lè yè. Ní orúkọ Jésù. Àmín.