Ta Ni Ń Yan Ọ̀rọ̀ Tí A Ń Sọ?



Bí onílù bá yí ìlù padà, agbo yóò yí ijó padà. Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè pé: ta ni ń lu ìlù ọ̀rọ̀ ìlú tí gbogbo wa ń jó sí?

Ní oṣù kìíní ọdún 2021, Twitter àti Facebook ti ìlẹ̀kùn mọ́ Donald Trump, tí í ṣe Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì dá ìkànnì tirẹ̀, Truth Social, sílẹ̀ lórí ayélujára ní ọdún 2022. Àwọn tí ń lò ó kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ń lo Facebook. Síbẹ̀, bí ó bá ti kọ gbólóhùn kan síbẹ̀, àwọn oníròyìn a gbé e ká gbogbo ayé. Báyìí ni yàrá kékeré ṣe ń yan ohun tí ọjà ńlá yóò máa sọ.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀sìn Kristi wà nínú ewu ńlá ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ kejì, ó ní àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lè wọ ilẹ̀ wa. Kíá ni àríyànjiyàn gba ìlú kan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ni a ti pa bí 40 ènìyàn nínú ìjọ Francis Xavier Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀. Àwọn Mùsùlùmí pẹ̀lú ń kú lọ́wọ́ apànìyàn ní Àríwá. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di iyebíye nígbà tí alágbára sọ̀rọ̀.

Ẹnìkan lè wí pé: bí kò bá sí igbe yìí, ta ni ì bá gbọ́? Òtítọ́ wà nínú ìbéèrè náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí igbe nìkan jí yóò tún sùn nígbà tí igbe bá dákẹ́. Òtítọ́ kì í di irọ́ nítorí ẹnu tí ó ti jáde. Bẹ́ẹ̀ ni irọ́ kì í di òtítọ́ nítorí orúkọ tí a fún ìkànnì. Ohun tí ó léwu ni pé kí a fi ẹlòmíràn ṣe ẹni tí yóò máa yan ẹni tí àwa yóò ṣàánú fún.

Nítorí náà, kí a tó fi ọ̀rọ̀ ìlú sí ẹnu, ẹ jẹ́ kí a wádìí rẹ̀, nítorí àgbọ́ìgbọ́tán a máa dá ìjà sílẹ̀. Kí a sì máa bèèrè pé: ta ni ń jìyà ní ìtòsí wa, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ nǹkan kan nípa rẹ̀? Àánú tòótọ́ kì í dúró de ìròyìn.