Ta Ni Yóò Jíhìn fún Ọkọ̀ tí Kò Ní Awakọ̀?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, láti oṣù kẹwàá ọdún 1998 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń ná ìlà 14 lábẹ́ ilẹ̀ ìlú Paris láìsí awakọ̀. Ìlà 1, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1900, ti di bẹ́ẹ̀ láti ìparí ọdún 2012. Kọ̀ǹpútà ló ń mú un sáré, òun náà ló ń tẹ bíréèkì.

Bí èèyàn bá wá farapa, ta ni a óò bi? Àwọn kan ní ẹ̀rọ ni. A kò gbà. Ẹ̀rọ kò mọ rere yàtọ̀ sí búburú, kò sì lè tọrọ àforíjì. Ẹrù tó kúrò lórí awakọ̀ ti pín sórí ọ̀pọ̀ èèyàn: ẹni tó kọ ìlànà fún kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe, ẹni tó ń ṣọ́ ọ láti yàrá ìṣàkóso. Ewu ibẹ̀ ni pé kálukú lè máa rò pé ẹlòmíràn ni yóò jíhìn.

Nítorí náà, ẹni tí iṣẹ́ irú èyí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí èrò ọkọ̀ kò tilẹ̀ rí i, kí ó ṣe é bí ẹni tó jókòó síwájú wọn. Àmánà ni ẹ̀mí èèyàn.