Jóṣúà 1:3 Lórí Ilẹ̀ Onílẹ̀

Láti Mọníyà dé Lálúpọn, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé àwọn abúlé tó yí Akáńràn ká, ilẹ̀ tí àwọn baba wa gbin kòkó àti obì sí ti ń di ilẹ̀ ilé kíkọ́. Ìbàdàn ń fẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ti dé ibi tí wọ́n ti ń yan gààrí tẹ́lẹ̀, púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo sì lè mú owó wálé ju èrè oko ọdún púpọ̀ lọ. Bí ilẹ̀ ṣe ń gbówó lórí ni àdúrà lórí ilẹ̀ náà ń pọ̀ sí i. Ẹsẹ Bíbélì tó sì wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ni Jóṣúà 1:3, níbi tí Ọlọ́run ti ṣèlérí ilẹ̀ Kénáánì fún Jóṣúà, pé ibi tó bá rìn dé ni yóò jogún. Wọ́n á kọ́ ọ sórí, wọ́n á gbààwẹ̀ lé e, wọ́n á bọ́ bàtà ní ìdájí, wọ́n á sì máa yí ilẹ̀ tí wọ́n ń fẹ́ ká, ẹ̀ẹ̀méje nígbà mìíràn, bí ẹni pé Jẹ́ríkò ni.

Ẹni tó fowó ara rẹ̀ ra ilẹ̀, tó gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹbí tó ni ín, tó wá fi ẹsẹ yìí dúpẹ́, èmi àti òun ò jà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn mí ni ẹni tó mọ olóko, tó mọ ojú ààlà, tó sì ń fi àdúrà wá ohun tí kò lè dúró níwájú ẹbí kó ní tòun ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí. Baálé ilé kan kú, ó fi àwọn ọmọ kéékèèké sílẹ̀. Ìpín rẹ̀ nínú ilẹ̀ ẹbí wà níbẹ̀, ìyá àwọn ọmọ ń gbin ẹ̀gẹ́ sí i kí wọ́n lè máa lọ sílé ìwé. Oníbàárà kan dé láti ìgboro, ó ń wá ilẹ̀ etí títì. Ni àbúrò olóògbé, tó máa ń ka àkọ́sórí láìtàsé ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, bá bẹ̀rẹ̀ sí í jí lóru, ó ń lọ tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Kò sọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sọ fún mọ́gàjí, olórí ẹbí. Ọlọ́run nìkan ló ń bá sọ ọ́.

Ní abúlé wa, wọn kì í kọ́kọ́ béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tí èèyàn ń lọ kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ọmọlúàbí ni. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé: ohun tó sọ lójú ẹni, ṣé òun náà ló sọ lẹ́yìn? Ọmọ òrukàn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣé ó ń jẹ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ? Pèrègún tí baba rẹ̀ àti baba lágbájá jọ gbìn sí ààlà, ṣé ó ṣì wà níbi tí wọ́n gbìn ín sí? Wọ́n ń fi pèrègún sàmì ààlà nítorí pé kì í tètè kú. Bí a gé e, á tún rú. Ẹni tó gbìn ín lè ti kú tipẹ́, kí igi náà ṣì máa jẹ́rìí fún un. Onígbàgbọ́, mùsùlùmí àti oníṣẹ̀ṣe inú agbo ilé kan náà ló mọ̀ ọ́n, tí wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún un. A wá ń gbọ́ báyìí pé àwọn kan ń hú u, wọ́n ní igi òrìṣà ni, pé kò yẹ kó wà lórí ilẹ̀ ọmọ Ọlọ́run. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ òrìṣà ló ń dùn wọ́n lóòótọ́, kí wọ́n pe ẹni tí wọ́n jọ pààlà, kí wọ́n jọ ri òpó sìmẹ́ǹtì sójú ibẹ̀ gan-an, kí wọ́n tó fọwọ́ kan pèrègún.

Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni pé ẹsẹ náà kò ṣòro fún ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á. Kó sáà kà á dé ẹsẹ kẹjọ. Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti pàṣẹ fún Jóṣúà pé kí ìwé òfin má kúrò lẹ́nu rẹ̀, kó máa rò ó tọ̀sán tòru, kó lè máa ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí ló wá wà nínú òfin náà nípa ilẹ̀? Diutarónómì 19:14 kọ̀ kí ẹnikẹ́ni yẹ ààlà aládùúgbò rẹ̀. Orí 27 ẹsẹ 17 fi ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ gégùn-ún, gbogbo ènìyàn sì gbọ́dọ̀ ṣe àmín sí ègún náà. Òwe 23:10 dárúkọ oko ọmọ aláìníbaba ní tààràtà, ẹsẹ tó tẹ̀ lé e sì ní alágbára lẹni tó ń gbèjà wọn. Ẹni tó ń ṣe àmín sí ìlérí tí wọ́n ṣe fún Jóṣúà ti gba òfin wọ̀nyí mọ́ ọn.

Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí á pa ìwé náà dé lẹ́yìn orí kìíní. Láti orí 13 lọ, ìpín ni wọ́n ń pín: wọ́n ń dárúkọ odò, òkè àti ìlú tó jẹ́ ààlà ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń to ààlà oko. Ẹ wá wo ibi tí ìpín Jóṣúà fúnra rẹ̀ wà. Orí 19, ẹsẹ 49 àti 50: ìgbà tí gbogbo ẹ̀yà ti gba tiwọn tán ni àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tó fún un ní ìlú kan ní òkè Éfúráímù, ó sì tún un kọ́. Ẹni tí wọ́n ṣe ìlérí fún gan-an ló gba tirẹ̀ kẹ́yìn. Yorùbá ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Jóṣúà kò jẹ àjẹìwẹ̀yìn. Èmi kò tíì gbọ́ kí wọ́n fi ẹsẹ méjèèjì yìí ṣe àkọ́sórí, ó sì yẹ kí wọ́n fi ṣe é, pàápàá ní agbègbè tiwa.

Ẹni tó fún wa ní Bíbélì ní èdè wa mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n léni kúrò lórí ilẹ̀ baba ẹni. Ní 1821 ni ogun kó Òṣoògùn, wọ́n sì kó Àjàyí lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ọmọ yẹn ló di Samuel Ajayi Crowther. Ìwé Róòmù tó túmọ̀ jáde ní 1850. Àtẹ̀jáde ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ ti 1852 kún fún òwe àwọn àgbà. Nígbà tó sì di 1884, òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, bíi Thomas King, ti mú odindi Bíbélì Yorùbá jáde. Bí wọ́n bá ka ọ̀rọ̀ oko ọmọ aláìníbaba fún ìyá àgbà tí kò mọ̀wé ní Ìyànà Ọ̀fà, kò nílò ògbufọ̀. Ó mọ oko tí wọ́n ń wí.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ṣòfin lòdì sí àwọn ajàgungbalẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òfin kò lè mú ẹni tó ń gbàdúrà. Ajàgungbalẹ̀ mú àdá àti ìbọn wá, èkejì mú ẹsẹ Bíbélì. Ilẹ̀ kan náà ni ojú àwọn méjèèjì wà. Mo ka ti ẹnì kejì sí èyí tó burú jù, nítorí ó fẹ́ kí Ọlọ́run bá òun pín nínú rẹ̀.

A ti rí onígbàgbọ́ tó ru ẹrù tó ju tirẹ̀ nìkan lọ nílẹ̀ yìí. Isaac Babalọlá Akínyẹlé, tó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní 1911, jẹ́ ààrẹ ìjọ Christ Apostolic Church (CAC), ó sì di Olúbàdàn ní 1955. Aládùúrà ni, ṣùgbọ́n ọba gbogbo ìlú ni pẹ̀lú: ti onígbàgbọ́, ti mùsùlùmí, ti ẹlẹ́gúngún. Kò sí bí ẹni tó wà lórí irú àga bẹ́ẹ̀ ṣe lè máa gbàdúrà bí ẹni pé ìpín tirẹ̀ nìkan ni Ọlọ́run ń rí.

Bí èèyàn bá wá fẹ́ fi Jóṣúà 1:3 gbàdúrà láàárọ̀, kí ló yẹ kó sọ? Ní tèmi, kó kọ́kọ́ ní kí Olúwa fi ibi tí ẹsẹ̀ òun ti kọjá ààlà ẹlòmíràn han òun. Àdúrà yìí máa ń tètè gbà, nítorí ọ̀pọ̀ wa la ti mọ ìdáhùn kí á tó kúnlẹ̀. Bí a bá sì dìde, iṣẹ́ wà nílẹ̀: kí á lọ bá ẹni náà, kí á pe mọ́gàjí, kí á dá pèrègún padà sáyè rẹ̀. Sákéù kò dúró lórí àdúrà nìkan. Ní Lúùkù 19:8, ó ṣèlérí pé òun yóò san ohun tí òun fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹ̀yin àlùfáà àti aṣíwájú ẹgbẹ́ aládùúrà lọ́rọ̀ yìí kàn jù, nítorí ẹ̀yin ni wọ́n ń pè láti wá bá wọn yí ilẹ̀ ká. Kí ẹ tó gbé òróró dání, ẹ béèrè rìsíìtì. Ẹ béèrè àwọn tó pààlà pẹ̀lú ilẹ̀ náà ní apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì lọ bá wọn sọ̀rọ̀ fúnra yín. Ẹ béèrè bóyá ọmọ olóògbé kan wà tí ìpín rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹni tó pè yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ sọ fún un pé ẹ ò lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ òun ló ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì.