Ọmọlúàbí àti Aláìsàn Tí Kò Ní í Dìde Mọ́

Ìtọ́jú adínrora ni èyí tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí àìsàn ńlá bíi jẹjẹrẹ ń bá jà, kí ìrora, èébì àti àìróorunsùn má bàa gba ìyókù ayé mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tún kan ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ nílé. Cicely Saunders ló ṣí ilé ìtọ́jú adínrora St Christopher's Hospice ní London ní 1967, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti kọ́ ọ. Ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn UCH ní ẹ̀ka tirẹ̀ fún ìtọ́jú yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò wà lára àwọn tó jà fún un.

Mọ́fíìnì olómi tí aláìsàn ń mu wà lára oògùn tó dára jù fún ìrora jẹjẹrẹ tó le. Òótọ́ ni pé ó máa ń wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá wà pàápàá, ẹbí a máa fi í pamọ́, wọ́n á ní kó má di bárakú. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pọ̀ mọ́ láyé ni wọ́n ń bẹ̀rù bárakú fún!

Òtítọ́, ìtẹríba, akínkanjú, inú rere: kò sí Yorùbá tí kò mọ̀ wọ́n mọ́ ọmọlúàbí. Lẹ́bàá ibùsùn, inú rere ló ń gbé gbogbo ìyókù dúró, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń kùnà. Ọmọbìnrin kan tàbí ìyàwó ilé kan ni wọ́n máa ń dá ẹrù náà dá. Òun ló ń yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa degbò, òun ló ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, tó ń fún un lẹ́kọ mu, tó ti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ pa. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Àwọn yòókù a pè lórí fóònù, "Ara ìyá ńkọ́?", ó parí. Bí ìyá bá kú, àwọn kan náà ni yóò ra máàlú, tí wọn yóò yan aṣọ ẹbí, tí wọn yóò sì bi olùtọ́jú pé kí ló fún un jẹ. Wọ́n tilẹ̀ ń pe olùtọ́jú mìíràn ní àjẹ́. Ìwà ìkà ni.

Ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ láti òkè òkun ṣeun, oògùn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n owó kì í yí aláìsàn padà lóru. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe náà kò yọ ọmọ kankan sílẹ̀.

Kí àwọn ọmọ pín òru láàárín ara wọn nígbà tí ìyá ṣì ń mí. Kí wọ́n jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kọ́ gbogbo wọn bí a ṣe ń lo oògùn, kí wọ́n sì mú nínú owó tí wọ́n ń tọ́jú de ìsìnkú láti fi gbọ́ bùkátà ẹni tó fi òwò rẹ̀ sílẹ̀.