Ẹ̀bùn fún Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé: Àánú Ni Tàbí Ojúṣe?

Ìbéèrè kan wà tí ìbí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé máa ń gbé dìde nínú èrò Yorùbá, òun ni pé láti ìgbà wo gan-an ni àwùjọ ti ń jẹ ọmọ tuntun ní gbèsè ìtọ́jú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ọmọ tí a bí láàyè kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37 sí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, irú wọn tí a sì bí káàkiri ayé ní ọdún 2020 tó mílíọ̀nù 13.4. Ní Ibiade, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ kẹjọ ni a ń sọ ọmọ lórúkọ, tí ẹbí àti ará àdúgbò sì ń kó ẹ̀bùn wá; ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni ọjọ́ kẹjọ sábà máa ń bá ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, àwọn ènìyàn kì í sì í mọ̀ bóyá kí wọ́n kí ìyá rẹ̀ pé "Ẹ kú ewu ọmọ" ni tàbí kí wọ́n dákẹ́.

Ìdákẹ́ yìí kì í ṣe ìkà. Àwọn àgbà ló ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ìgbàgbọ́ nínú àbíkú, ìyẹn ọmọ tí a gbà pé ó ní ẹgbẹ́ ní ọ̀run tí ó sì ń wá, tí ó ń padà lọ, ti kọ́ ọ̀pọ̀ ìran láti má tètè fi ọkàn lé ọmọ. Àyànmọ́, èyí tí í ṣe ìpín tí ẹ̀dá yàn kí ó tó wá sáyé, tún dàbí ẹni pé ó fi kún un: bí ọmọ bá ti yan ọjọ́ kúkúrú, kí ni ẹ̀bùn fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ fẹ́ ṣe sí i?

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ àyànmọ́ kò parí síbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin, nínú ìwé African Philosophy tí ó tẹ̀ jáde ní 1991, jẹ́ kí ó yé wa pé orí nìkan kò tó, pé ẹsẹ̀, tí ó dúró fún akitiyan ẹni, wà lára ohun tí ń mú ìpín ṣẹ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ tí kò tíì lè fa ọyàn, tí kò sì lè mú ara rẹ̀ gbóná, kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi lépa ìpín rẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn tí ó bá láyé ni ó gbọ́dọ̀ yá. Àwọn tí ń sọ àbíkú ní Málọmọ́ tàbí Dúrójayé pàápàá kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àyànmọ́, wọ́n bẹ ọmọ pé kí ó dúró. Ojú kan ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó.

Ohun tí igba ojú náà lè ṣe kò fara sin. Awọ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé fẹ́lẹ́, ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, orí rẹ̀ sì tóbi bí a bá fi wé ìyókù ara rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ibẹ̀ ni ooru ara ti ń sá lọ púpọ̀. Nínú ìwádìí kan tí a ṣe ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣàgámù, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2008, ara ọmọ tuntun 93 nínú 150 ti tutù kọjá bó ṣe yẹ kí wọ́n tó gbé wọn débẹ̀. Fìlà tí a fi òwú hun ń dá ooru dúró. Ó sì tún ń bá ìtọ́jú tí àwọn oníṣègùn Edgar Rey àti Héctor Martínez bẹ̀rẹ̀ ní Bogotá, ní Kòlóńbíà, ní òpin àwọn ọdún 1970 lọ, níbi tí a ti ń gbé ọmọ lé àyà ìyá, awọ kan awọ, tí a ó sì fi aṣọ dì í mọ́ ọn. Ìwádìí tí Nàìjíríà kópa nínú rẹ̀, tí ó jáde ní 2021, fi hàn pé bíbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú yìí kété tí a bá ti bí ọmọ dín ikú kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí àwọn obìnrin rẹ̀ ń hun aṣọ ọlọ́nà, kò lè ṣàì ní ọwọ́ tí yóò hun ọ̀já fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń fúnni tún ṣe pàtàkì. Àwọn opó Jópà fi ẹ̀wù tí Dọ́káàsì rán han Pétérù lẹ́yìn ikú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 9 ti wí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló jẹ́rìí sí i, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Al-Kùránì, ní Súrà kejì, ẹsẹ 264, kìlọ̀ pé ìrègún ń ba sàráà jẹ́. Yíya fọ́tò ìyá tí omi ṣì wà lójú rẹ̀, kí ayé lè mọ ẹni tí ó fún un ní fìlà, ìrègún ni.

Fìlà kò lè rọ́pò owó oògùn tàbí owó ọkọ̀ láti Ibiade dé Ṣàgámù, ó sì yẹ kí a bi àwọn nọ́ọ̀sì ohun tí wọ́n nílò, kí a sì hun èyí tí ó ṣeé fọ̀, tí kò ní ìlẹ̀kẹ̀ tàbí òwú tí ń já. Bí ọmọ kò bá sì dúró, ẹ̀bùn náà kò di òfò, nítorí ó ti jẹ́rìí pé ọmọ ni, àti pé abiyamọ ni ìyá rẹ̀. Ìtọ́jú yìí kì í ṣe àánú tí ọwọ́ òkè ń ṣe fún ọwọ́ ìsàlẹ̀. Gbèsè ni, ọjọ́ tí ọmọ bá sì ti dé ni ó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ó tọ́, nígbà náà, kí ẹgbẹ́ Dọ́káàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ Asalátù ní mọ́sálásí kà á mọ́ iṣẹ́ ọdọọdún wọn, kí ẹ̀bùn náà ti wà nílẹ̀ kí a tó bí ọmọ tí yóò lò ó.