Ẹ̀kọ́ Nípa Àwùjọ: Ṣé Ó Ń Ba Ìmàní Jẹ́?

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Ìsìláàmù, ọmọkùnrin kan ní ilé-kéú wa l'Ọ́yìngbò ń kọ́ sosiọ́lọ́jì ní yunifásítì. Bàbá rẹ̀ ní kó fi í sílẹ̀, pé ìmọ̀ kèfèrí ni. Ó bi mí pé, "Àáfà, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní, Ibn Khaldun ńkọ́? Tunis ni wọ́n bí i sí ní 1332. Ó di olórí adájọ́ ní Káírò, lójú ọ̀nà Màlíkì tí àwa náà ń tọ̀. Ní 1377 ó kọ Muqaddimah, ó wádìí ohun tó ń so ènìyàn pọ̀ àti ìdí tí ìjọba fi ń dìde tó sì ń wó. Ó ju irínwó ọdún lọ lẹ́yìn náà kí wọ́n tó bí Auguste Comte, ará Faransé tó sọ ẹ̀kọ́ náà lórúkọ. Comte rò pé sáyẹ́ǹsì yóò gba ipò ẹ̀sìn; níbẹ̀ ni kí ọmọ wa ti la ojú rẹ̀.

Wọ́n ní ọjà Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnìkan kò wá. Ẹ̀kọ́ yìí a máa béèrè ẹni tí kò wá, àti ohun tó dá a dúró. Àwa tí à ń pín sàká (mo ka ara mi mọ́ ọn), ṣé a mọ opó tí ojú ń tì láti jáde wá gbà á? Súrà Baqarah, áyà 273, sọ̀rọ̀ irú wọn.

Lẹ́yìn àláásàárì mo tẹ̀ lé e lọ bá bàbá rẹ̀. Bàbá kò tíì gbà tán, ṣùgbọ́n ó ní kó parí ọdún yìí ná.